Ìbínú Ará Ilé sí Ẹgbẹ́ Eléré tí ó Pàdánù ní Ìdálẹ̀

Bí ẹgbẹ́ eléré orílẹ̀-èdè kan bá re ìdálẹ̀, ọkàn àwọn ará ilé a máa bá wọn rìn. Bí wọ́n bá borí, olúkúlùkù a ní, ‘A ti borí.’ Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdánù, ọ̀rọ̀ a yí padà, a di ‘Wọ́n ti dójú tì wá.’ Ǹjẹ́ irú ìbínú bẹ́ẹ̀ a máa tún nǹkan ṣe bí? Ohun tí ojú ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Íńdíà rí ní ọdún 1974 yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò.

Nínú eré kríkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn mọ́kànlá ni ó máa ń figagbága. Bí ẹgbẹ́ kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, èkejì a máa fi igi pẹlẹbẹ gbá a kúrò níwájú ọ̀pá mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀, wọn a sì máa sáré kó ayò jọ. Ìdíje kan láàárín orílẹ̀-èdè méjì lè gba ọjọ́ márùn-ún gbáko.

Ní ọdún 1971, Ajit Wadekar ni ó ṣáájú ẹgbẹ́ Íńdíà lọ sí West Indies àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n borí ní ibi méjèèjì, ohun tí Íńdíà kò tíì ṣe rí. Ayọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré mọ igi kríkẹ́ẹ̀tì ràgàjì kan sí ìlú Indore fún ìrántí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Wadekar tún kó wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pàdánù ní Manchester. Ní pápá Lord's ní London, àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ ayò 629. Íńdíà jẹ 302 ní àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbá a ní ẹ̀ẹ̀kejì, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ayò 42 péré ni gbogbo wọn rí jẹ. Eknath Solkar nìkan ni ó jẹ ju mẹ́wàá lọ. Chandrasekhar kò tilẹ̀ lè gbá a nítorí pé ó ti ṣèṣe. Wọ́n tún pàdánù ní Birmingham. Ìdíje mẹ́ta, òfo mẹ́ta.

Ni ilé bá gbiná. Wọ́n sọ òkúta lu ilé Wadekar ní Bombay, ìlú tí a ń pè ní Mumbai lónìí. Wọ́n ba igi ìrántí Indore jẹ́. Agbègbè tí ó ti wá gan-an kò yàn án mọ́ fún ìdíje abẹ́lé, ó sì fi eré náà sílẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí ni ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn yóò rí? Àwọn ìdíje ọdún 1971 bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù keje, wọ́n sì parí ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Ti ọdún 1974 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, nínú òtútù àti òjò. Ní Íńdíà, ilẹ̀ gbígbẹ ni bọ́ọ̀lù ti máa ń yí bí ó bá ti kanlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ojú ọjọ́ bá ṣú, inú afẹ́fẹ́ ni ó ti máa ń yà kí ó tó kanlẹ̀. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ni ó gba Íńdíà sílẹ̀ ní Manchester ní ọdún 1971, nígbà tí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n. Nínú ariwo ayọ̀, ta ni ó rántí òjò? Ìyìn tí kò wádìí ìdí ni ó bí ẹ̀gàn tí kò wádìí ìdí.

Èyí kò sọ pé kí ará ìlú dákẹ́. Ẹni tí a ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí a ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ní Adelaide ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ayò 36 ni Íńdíà jẹ, tí ó tilẹ̀ burú ju 42 lọ. Wọ́n pààrọ̀ àwọn eléré mélòó kan, wọ́n tún ètò tò, wọ́n sì borí ní 2 sí 1 nígbà tí ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021.

Ní ti Wadekar, wọ́n tún pè é padà ní àwọn ọdún 1990 láti wá ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ náà. Ìmọ̀ tí wọ́n lé lọ ní 1974 ni wọ́n tún ń wá kiri. Olùkọ́ tí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àríkọ́gbọ́n: kí ó tó mú pàṣán, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí a kọ́ ọmọ náà, àti ohun tí a bi í.