Fibrillarin: Purotéènì Tó Dàgbà Ju Ilé Rẹ̀ Lọ

Ní ọdún 1991, ní ilé ìwádìí EMBL ní ìlú Heidelberg, orílẹ̀-èdè Jámánì, Ralf Jansen, Ed Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, wọ́n sì gba jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní NOP1, èyí tí ń ṣe fibrillarin ti ìwúkàrà, kúrò lára rẹ̀. Ìwúkàrà tí kò bá ní NOP1 kò lè yè. Fibrillarin tí ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìwúkàrà náà sì ń dàgbà. Purotéènì àlejò yìí ò ṣìnà rárá. Inú nucleolus ìwúkàrà, ilé rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ló gbà lọ. Wọ́n tún gbé ti àkèré Xenopus síbẹ̀, òun náà ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó tó nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún kan tí ìran ènìyàn àti ìran ìwúkàrà ti pínyà. Kí ló wá dé tí purotéènì yìí ò fi yí padà púpọ̀ títí di òní? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ibi tó ń gbé ló ṣe pàtàkì. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ń ṣe ló so ó mọ́lẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti wà kí nucleolus tó dáyé.

Felice Fontana ará Ítálì ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa nucleolus, ní ọdún 1781: ó rí i bí ojú kékeré kan láàárín nucleus, ibi tí DNA sẹ́ẹ̀lì wà. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó wà fún. Ní ọdún 1964, Donald Brown àti John Gurdon yẹ ọmọ àkèré tí sẹ́ẹ̀lì wọn ò ní nucleolus wò. Wọn ò rí RNA tuntun kankan tí ribosome nílò nínú wọn, gbogbo wọn ló sì kú kí wọ́n tó di àkèré. Ribosome ni ẹ̀rọ tí ń to purotéènì pọ̀ nínú ohun abẹ̀mí gbogbo, nucleolus sì ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Iṣẹ́ fibrillarin níbẹ̀ ni pé kí ó lẹ àmì kẹ́míkà kékeré kan, methyl, mọ́ RNA ribosome, ní ojú ibi bí 100 nínú ènìyàn, àti ibi tó lé ní 50 nínú ìwúkàrà. Òun kọ́ ló ń yan ojú ibẹ̀. RNA kúkúrú kan ló ń júwe fún un, àwọn purotéènì mìíràn sì dì í mú kí ó má baà yẹsẹ̀. Bí ó bá yí padà jù, ó lè bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àìsàn ló ṣèrànwọ́ láti dá a mọ̀. Ní ọdún 1985, Robert Ochs, Harris Busch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní scleroderma, àìsàn tí ń mú kí awọ ara le gbagidi, tí ara sì ń bá ara rẹ̀ jà, láti fi dá purotéènì náà mọ̀.

Ẹnìkan lè ní kí n má yára yọ̀. Lóòótọ́, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ènìyàn fi bá ti ìwúkàrà dọ́gba, àmọ́ ti ènìyàn ò ṣe iṣẹ́ náà pé. Bí ooru bá pọ̀, ìwúkàrà náà kì í lè dàgbà mọ́, RNA ribosome rẹ̀ a dàrú, ìrísí nucleus rẹ̀ a sì bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Heidelberg yìí kan náà rí i pé bí ẹyọ amino acid kan ṣoṣo bá yí padà lára fibrillarin ènìyàn, nínú èyí tó lé ní 300, ìwúkàrà náà a tún máa dàgbà dáadáa. Ìjọra èèṣì kọ́ ni ẹyọ kan lè tún ṣe báyẹn. Bàbá kan náà ló bí wọn.

Ẹ̀rí tó wá dá mi lójú jù lọ jáde ní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n rí purotéènì tó jọ fibrillarin nínú Archaea, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí kò ní nucleus, áńbọ̀sì nucleolus. Ọ̀kan nínú wọn, Methanocaldococcus jannaschii, ń gbé nínú omi gbígbóná ìsàlẹ̀ òkun. Alágbẹ̀dẹ ti ń rọkọ́ lábẹ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé arọ fún un. Ẹlòmíràn lè ní ṣebí Archaea lè ti yá a lọ́wọ́ ìran tiwa. Bó bá jẹ́ àyálò ni, wọ́n á ti yá RNA tí ń júwe ọ̀nà àti àwọn purotéènì tí ń dì í mú pọ̀ mọ́ ọn, nítorí gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, káàkiri ìran wọn. Ti bakitéríà yàtọ̀ pátápátá: irú àmì yìí 4 péré ló wà lára RNA ribosome E. coli, kò sì sí RNA tí ń júwe ọ̀nà fún èyíkéyìí.

Ohun tó jẹ́ tuntun lára fibrillarin tiwa ni ìrù kan tó kún fún glycine àti arginine, tí ti Archaea ò ní. Ní ọdún 2016, Marina Feric, Clifford Brangwynne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé irú ìrù bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí fibrillarin ṣù jọ di ẹ̀kán olómi, bí nucleolus ṣe rí gan-an. Kì í sì í ṣe gbogbo ará ilé náà ló dàgbà tó o: NPM1, tó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú nucleolus ènìyàn, kò sí nínú ìwúkàrà rárá. Ìdájọ́ tèmi nìyí: orí fibrillarin tí ń ṣiṣẹ́ ni àtijọ́, ìrù rẹ̀ ni tuntun, ìrù yìí sì wà lára ohun tó kọ́ ilé tí a wá fi ń júwe rẹ̀ lónìí.