“Kò Gba Iná Mọ́”: Ìperí fún Àléébù Aago Ọwọ́ Ọlọ́gbọ́n

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ ní orúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ìperí mu, nítorí pé ohun tí ènìyàn kò bá tíì yẹ̀ wò dáadáa kò ṣeé fún ní orúkọ tí yóò bá a mu. Àpẹẹrẹ kan tí ó wọ́pọ̀ lóde òní ni ti aago ọwọ́ ọlọ́gbọ́n, ìyẹn aago kékeré tí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ń ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù, tí ó sì ń fi ohun tí ó wọ inú fóònù han ẹni tí ó so ó mọ́ ọwọ́. Nígbà tí irú aago bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í sí ẹnu ṣájà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jáde ní ẹnu ẹni tí ó ni ín: “Kò gba iná mọ́.”

Gbólóhùn yìí kò ní àṣìṣe gírámà, ó sì yé olùgbọ́. Ṣùgbọ́n àléébù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán, ni ó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Iná lè má sí ní ibi tí ó ti yẹ kí ó wá. Ó lè wà níbẹ̀ kí ó má rí ọ̀nà kọjá sí inú aago. Ó lè wọ inú aago kí bátìrì má lè dì í mú. Bátìrì sì lè kún kí ojú aago má tàn. Àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Atúmọ̀ èdè tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú ìwé ìlò aago yóò mú kí ẹnì kan sọ aago tí kò ní àrùn nù, ó sì lè mú kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu.

Ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú aago

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Àwọn aago kan ní ojú irin kéékèèké ní ẹ̀yìn, tí ń fi ara kan irin bíi tiwọn lára ṣájà. Àwọn mìíràn kò ní irin kankan níta. Wáyà tí wọ́n ká bí òrùka ni ó wà nínú ṣájà, òmíràn sì wà nínú aago. Bí iná tí ń yí ìhà padà lemọ́lemọ́ bá ń ṣàn nínú wáyà ti ṣájà, agbára òòfà tí ń yí padà bákan náà yóò yọ láti ara rẹ̀, èyí ni yóò sì mú kí iná ṣàn nínú wáyà ti aago, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi ara kan ara wọn. Michael Faraday ni ó fi ìlànà yìí hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1831. Apple Watch, tí ó dé ọjà ní ọdún 2015, wà lára àwọn aago tí ń lò ó. Òòfà kékeré tí ó ń fa aago mọ́ ṣájà kàn wà láti mú kí wáyà méjèèjì kọjú sí ara wọn ni. Kì í ṣe òun ni ó ń gbé iná wọlé.

Àwọn kan ti fẹ́ láti máa pe ọ̀nà kejì yìí ní “ìgbaná aláìlówáyà.” Ìperí náà kò tọ̀nà, nítorí pé wáyà wà láti ara ògiri dé ara ṣájà, wáyà sì tún wà nínú ṣájà àti nínú aago. Ohun tí kò sí ni ìfarakàn. Nítorí náà, “ìgbaná àfarakàn” ni ó yẹ ọ̀nà kìíní, “ìgbaná àìfarakàn” ni ó sì yẹ ọ̀nà kejì.

Ibùdó mẹ́rin, àléébù mẹ́rin

Ìta ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá àléébù ti bẹ̀rẹ̀, kí ó máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ibùdó kìíní ni orísun. Kí ó fi fóònù sí ojú iná kan náà lára ògiri, pẹ̀lú orí ṣájà kan náà. Bí fóònù náà kò bá gba iná, aago kò jẹ̀bi. Ohun kan wà tí ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ níhìn-ín, èyí ni páwà-báǹkì. Iná tí aago ń fà kéré púpọ̀ sí èyí tí fóònù ń fà. Àwọn páwà-báǹkì kan a máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan ní ẹnu wọn, wọn a sì pa ara wọn. Fóònù yóò gba iná níbẹ̀, aago kò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ni aago náà kò ní àléébù rárá. “Àìsí iná ní orísun” ni orúkọ tí ó bá èyí mu.

Ibùdó kejì ni ìpàdé ṣájà àti aago. Òógùn ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ àti ọ̀rinrin a sì máa jẹ irin. Ìpara àti ìdọ̀tí a máa bo ojú irin náà. Ní ti aago àìfarakàn, ó lè jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú ṣájà tuntun ni kò tíì kúrò, tàbí kí àpò tí ó nípọn máà jẹ́ kí aago jókòó dáadáa. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ ṣájà kúrò lára ògiri, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ nu ẹ̀yìn aago àti ojú ṣájà, kí wọ́n sì tún aago gbé lé e. Ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. “Àìkanra” ni orúkọ àléébù yìí lára aago àfarakàn. “Àìkọjúsíra” ni ti aago àìfarakàn. Ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára “ìdáwọ́dúró,” èyí tí kì í ṣe àléébù: aago tí ó bá gbóná jù a máa dá ìgbaná dúró fúnra rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi tutù.

Ibùdó kẹta ni bátìrì. Irú èyí tí ó wà nínú àwọn aago wọ̀nyí ni bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé dé ọjà ní ọdún 1991, tí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 2019. Lítíọ́ọ̀mù ni ó ń rìn láti ìhà kan dé ìhà kejì nínú rẹ̀. Bí bátìrì bá ń gba iná, ó ń lọ. Bí aago bá ń lo iná náà, ó ń bọ̀. Aago tí wọ́n pa tì sínú àpótí fún oṣù púpọ̀ lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ní fi àmì kankan hàn fún nǹkan bíi 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó ti dé ẹnu ṣájà. Sùúrù ni àtúnṣe rẹ̀. “Ọ̀dá bátìrì” ni ó yẹ kí wọ́n pe èyí, nítorí pé ọ̀dá a máa kọjá lọ bí òjò bá dé. Èyí tí ó ń tètè kún, tí ó sì ń tètè tán, “ogbó bátìrì” ni. Kò sí òjò tí í sọ arúgbó di ọmọdé, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ibùdó kẹrin ni ìfihàn. Bátìrì lè kún kí ètò tí ń darí aago dúró gbagidi. Èdè Yorùbá kò nílò láti yá ọ̀rọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ó ti ya ẹni tí ó kú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó dákú. Aago yìí dákú ni. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì méjèèjì ara Apple Watch mọ́lẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ó kéré tán, títí àmì ilé-iṣẹ́ náà yóò fi yọ, ó lè jí. “Ìdákú” àti “ìjídìde” ni ìperí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè fa ewu

Ọ̀rọ̀ kìíní ni “iná.” Ohun tí ń jó igi ni, ohun tí ń tan ìmọ́lẹ̀ ni, ohun tí ń ti inú wáyà wá ni pẹ̀lú. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àyíká ọ̀rọ̀ ni ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìwé ìkìlọ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó bàjẹ́ lè wú, kí ó sì ti ojú aago sókè. Bí ìwé bá wá kọ ọ́ pé, “Má ṣe fi aago tí ó wú sí iná,” òǹkàwé kan yóò rò pé ṣájà ni wọ́n ń sọ, yóò sì jù ú sínú ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun. Òmíràn yóò rò pé iná tí ń jó ni wọ́n ń sọ, yóò sì fi í sí ẹnu ṣájà. Ewu ni méjèèjì. Gbólóhùn méjì ni ó tọ́: “Má ṣe fi aago tí ó wú sí ẹnu ṣájà. Má ṣe jù ú sínú iná tí ń jó.” Kí wọ́n sì fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ó má gún un, kí ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “bátìrì.” Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó mọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti ti rédíò, tí wọ́n máa ń sá sí oòrùn nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti ń rẹlẹ̀, kí ó lè tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún ti aago, àṣà náà sì lè tẹ̀lé orúkọ náà lọ. Ṣùgbọ́n ooru kì í wo bátìrì lítíọ́ọ̀mù sàn. Ó ń bà á jẹ́ ni, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè gbiná. Nítorí èyí, “bátìrì agbaná” ni ó yẹ kí ìwé ẹ̀kọ́ máa pe èyí tí ń gba iná tí ó tún ń lò ó, “bátìrì àlòtán” sì ni kí ti tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ máa jẹ́.

Àwọn ìperí tí ó jẹyọ

Àìsí iná ní orísun: iná kò dé ẹnu ṣájà.
Àìkanra: irin aago àti ti ṣájà kò fi ara kan ara wọn.
Àìkọjúsíra: wáyà inú aago àti ti ṣájà kò bá ara wọn ṣe déédé.
Ìdáwọ́dúró: aago dá ìgbaná dúró nítorí ooru.
Ọ̀dá bátìrì: bátìrì gbẹ pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè sọjí.
Ogbó bátìrì: bátìrì kò lè di iná mú pẹ́ mọ́.
Ìdákú: iná wà, ètò ìdarí ni ó dúró.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ohun tí olùkọ́ nílò ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè fi ṣiṣẹ́ níwájú ohun tí ó ń wò. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó yẹ fún ìperí aago yìí. Bí ẹni tí aago rẹ̀ kò tàn bá lè sọ pé “àìkanra ni,” tàbí “ìdákú ni,” ó ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé “kò gba iná mọ́” nìkan ni ó lè sọ, iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn aṣẹ̀dá ìperí.