Wọ́n ní NIN ń lọ ní ₦100: Ta ló yẹ kó rí dátà yín, kí ló sì yẹ kó rí?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára, figbe ta pé ìkànnì kan ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 péré.

Wọ́n ní àwọn rí sílíìpù NIN ti Mínísítà fétò ìbánisọ̀rọ̀, Bosun Tijani, gan-an rà.

Àjọ NIMC, tó ń mójú tó NIN, fèsì pé kò sẹ́ni tó já wọ inú àkójọ dátà òun, àti pé òun kò fún ìkànnì kankan láṣẹ láti ta NIN.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jọ jẹ́ òótọ́. Dátà lè jáde láìjẹ́ pé olè já ilẹ̀kùn, torí pé àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ pọ̀: báǹkì, iléeṣẹ́ fóònù, àti àwọn mìíràn tó ń yẹ NIN wò.

Wíwọlé yàtọ̀ sí àṣẹ

Bí òṣìṣẹ́ báǹkì bá tẹ orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, ohun méjì ni áàpù ń wò. Ṣé òun nìyẹn lóòótọ́? Kí ni wọ́n gbà á láyè láti ṣe?

Èkejì yìí ni wọ́n ń fi 'role', ìyẹn ipò, yanjú. Dípò kí wọ́n máa fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láṣẹ tirẹ̀, wọ́n á dá ipò sílẹ̀, wọ́n á sì fi èèyàn síbẹ̀. Kaṣíà lè gba owó wọlé, àmọ́ kò lè pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù oníbàárà. Ayẹ̀wé-owó-wò lè ka gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí ẹyọ kan padà. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n á ti àkáǹtì rẹ̀ pa.

Lórí ìwé nìyẹn o. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, páásíwọ̀ọ̀dù ọ̀gá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, tí èèyàn mẹ́rin ń lò ó. Bí nǹkan bá bàjẹ́, àkọsílẹ̀ áàpù á ní ọ̀gá ló ṣe é, ọ̀gá ọ̀hún sì lè wà nílé ní ìsinmi.

Áàpù fúnra rẹ̀ náà ní àkáǹtì tó fi ń wọ inú àkójọ dátà. Nítorí ìkánjú, àwọn tó ń kọ áàpù máa ń fún un láṣẹ lórí ohun gbogbo, débi pé àṣìṣe kékeré kan lè fi gbogbo rẹ̀ lé gbájú-ẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ nínú PostgreSQL, ìlà kan péré tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú REVOKE ti tó láti gba àṣẹ tó pọ̀jù padà.

Ìdáhùn tó mọ níwọ̀n

Báǹkì tó fẹ́ mọ̀ bóyá NIN jẹ́ tiyín, 'bẹ́ẹ̀ ni' tàbí 'bẹ́ẹ̀ kọ́' ló nílò. Kí ló fẹ́ fi odidi sílíìpù ṣe?

Lọ́dún 2022, NIMC gbé 'virtual NIN' jáde: lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tí ẹ lè fún iléeṣẹ́ dípò nọ́ńbà 11 tiyín, tí kò sì wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72.

Òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 náà fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan pé dátà yín wo ló wà lọ́wọ́ wọn, ta ni wọ́n sì ti fi hàn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ lè fẹjọ́ sun àjọ NDPC.