Ihò Tí A Ń Yọjú Wò Kì Í Ṣe Ojú Lẹ́ńsì: Àlàyé Lórí Fífi Kámẹ́rà Rangefinder Ya Àwòrán Ọjà

Bí ẹnì kan bá fi kámẹ́rà àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ya bàtà tàbí ìgò lọ́fínńdà tí ó ń tà, ó lè rí i pé orí ìgò náà ti gé kúrò nínú àwòrán. Yóò ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó má bàjẹ́ rárá. Ìwà rẹ̀ ni a kò mọ̀.

Kámẹ́rà tí à ń wí ni èyí tí wọ́n ń pè ní rangefinder. Leica M3, tí ilé-iṣẹ́ Leitz ní Wetzlar, ní Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1954, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yashica Electro 35, tí ó jáde ní Japan ní ọdún 1966, jẹ́ òmíràn. Bí a bá yọjú wò ó, a ó rí ọjà náà ní méjì-méjì ní àárín. A ó máa yí òrùka lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi wọnú ara wọn. Nígbà náà ni àwòrán yóò tó mọ́ gaara.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ihò tí a ń yọjú wò, ọ̀tọ̀ ni lẹ́ńsì. Ẹ na ìka kan síwájú, kí ẹ di ojú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ di èkejì. Ìka náà yóò dàbí ẹni pé ó ń sún. Bí ó bá ti súnmọ́ ojú tó ni ìsún náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwòrán ènìyàn lókèèrè fi ń dára, tí ti ọjà orí tábìlì sì ń gé. Nínú àwọn kámẹ́rà méjì tí a dárúkọ, ìlà inú ihò náà ń sún fúnra rẹ̀ bí a ti ń yí òrùka. Kí ọjà má ṣe kọjá ìlà náà. Bí ìlà ti kámẹ́rà yín kì í bá sún, ẹ fi rúlà wọn àárín ihò sí àárín lẹ́ńsì. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ to ọjà bó ti yẹ, kí ẹ wá sún kámẹ́rà ní ìwọ̀n yẹn sí ìhà ibi tí ihò wà, láì dà á lójú dé. Lẹ́ńsì yóò wá dúró síbi tí ihò dúró sí tẹ́lẹ̀.

Èkejì, kì í lè súnmọ́ ọjà púpọ̀. Electro 35 kò lè ríran gaara sí ohun tí kò tó 80 sẹ̀ǹtímítà sí i. Ìgò tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò jẹ́ bíi mìlímítà 6 péré lórí fíìmù tí gíga rẹ̀ jẹ́ 24. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀: ẹ fi ya bàtà, àpò àti àwo. Kí ẹ fi òrùka ọwọ́ sílẹ̀ fún kámẹ́rà onídígí, bíi Nikon F ti ọdún 1959, níbi tí ojú ti ń gba inú lẹ́ńsì wò. Leica M tí wọ́n kéde ní ọdún 2012 náà ti ní ojú gíláàsì lẹ́yìn tí ó ń fi ohun tí lẹ́ńsì rí hàn.

Ẹ̀kẹta, gbogbo nǹkan ló ń mọ́ gaara nínú ihò náà, kódà bí ọmọrí bá wà lójú lẹ́ńsì! Ẹ kọ́kọ́ ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yí nọ́ńbà lẹ́ńsì sí 11 tàbí 16, kí iwájú àti ẹ̀yìn ọjà lè mọ́. Ìmọ́lẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó tó, nítorí náà kí ọwọ́ má ṣe mi kámẹ́rà.

Ẹni tí ó wà lókèèrè kò rí ọjà, àwòrán nìkan ni ó rí tí ó fi ń san owó. Ẹ má ṣe gba owó iṣẹ́ tí kámẹ́rà yín kò lè ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí ó lè ṣe, ẹ ṣe é kí ó pé.