Ìlànà Ìṣèwádìí Ẹja àti Ibùgbé Wọn Nínú Odò: Àpẹẹrẹ láti Agbègbè Port Harcourt

Bí apẹja bá sọ pé ẹja ti dínkù nínú odò, ó lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ì tíì di ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀n ni ó yàtọ̀, tàbí pé ìgbà òjò ni ti àná, tí ti òní sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ẹja fi gbé ìlànà kalẹ̀, kí iye ẹja ọdún kan lè ṣe é fi wé ti ọdún mìíràn.

Odò New Calabar, tí ó gba Aluu àti Choba kọjá ní ìwọ̀-oòrùn Port Harcourt, jẹ́ àpẹẹrẹ gidi. Omi rẹ̀ kò níyọ̀ ní apá òkè, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń pọ̀ sí i bí ó ti ń súnmọ́ òkun. Lójoojúmọ́ ni omi ń kún, tí ó sì ń fà. Nítorí náà, olùṣèwádìí gbọ́dọ̀ yan ibùdó, kí ó wọn gígùn rẹ̀, kí ó sì máa padà síbẹ̀ ní ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá wà ní ipò kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni ohun èlò. Ní àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n máa ń fi iná mànàmáná mú ẹja dákú díẹ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì dá a padà. Ọ̀nà yìí kò bá omi oníyọ̀ mu, nítorí inú omi ni iná yóò gbà dípò ara ẹja. Àwọ̀n àti ìgèrè ni ó yẹ ibẹ̀, kí ojú àwọ̀n má sì yí padà. Bí àwọ̀n 1 bá mú ẹja 24 ní wákàtí 4, ẹja 6 ni ó mú ní wákàtí kan. Bí àwọ̀n 3 bá mú ẹja 30 ní wákàtí 5, ẹja 2 péré ni ó kan àwọ̀n kan ní wákàtí kan. Ẹni tí ó ka ẹja nìkan yóò rò pé ẹja ti pọ̀ sí i.

Orúkọ náà ṣe pàtàkì. Èpìyà tí Yorùbá ń pè kó Sarotherodon melanotheron àti Coptodon guineensis pọ̀. Àwọn Ikwerre àti Kalabari sì ní orúkọ tiwọn. Ó yẹ kí orúkọ ìbílẹ̀ àti ti sáyẹ́ǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àkọsílẹ̀.

Ibùgbé ẹja ni ó kẹ́yìn: ìjìnlẹ̀ omi, fífẹ̀ rẹ̀, bí ó ṣe ń ṣàn, iyọ̀, ọ́síjìn, yanrìn tàbí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, àti gbòǹgbò igi tí ẹja ń sá pamọ́ sí. Ìròyìn tí UNEP, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 fi ìdí èyí múlẹ̀. Wọ́n rí i pé epo tí ó wà nínú ara ẹja kò tó ohun tí ó lè fa ewu ńlá fún ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹja pípa ń jìyà, nítorí pé igbó inú omi oníyọ̀ tí ẹja ń gbé ti bàjẹ́. Ẹni tí ó yẹ ẹja nìkan wò ì bá ti sọ pé kò sí nǹkan.

Bí ènìyàn kò bá mọ ibi tí ó ń lọ, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Odò tí wọn kò wọ̀n kí epo tó dà sí i, ó ṣòro láti fi ìdí ohun tí ó sọnù níbẹ̀ múlẹ̀.