Àyà Adìẹ Aláìléegun: Bí A Ti Ń Yan Án fún Oúnjẹ Alẹ́ Tí Kì Í Fi Í Gbẹ

Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti ń sọ ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, èyí tí ó tan ilẹ̀ ká ní Ilé-Ifẹ̀, ni adìẹ ti jẹ́ ẹran àpọ́nlé láàrin àwọn ọmọ Oòduà, ẹran tí a fi ń ṣe àlejò pàtàkì, tí a sì fi ń ṣe ìrànà fún òkú àgbà. Síbẹ̀, ẹ̀yà kan wà lára rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bú lóde òní, èyíinì ni ẹran àyà tí a ti yọ egungun kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó gbẹ bí èèpo igi, wọ́n ní kò ládùn lẹ́nu, itan àti apá nìkan ni wọ́n sì ń dù. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àyà adìẹ náà.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹran, ti ìsè wa ni. Àgbébọ̀ tí ó ti fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta tan ilẹ̀ jẹ ni àwọn ìyá wa fi kọ́ wa ní ọbẹ̀ sísè, ẹran tí iṣan rẹ̀ ti yi, tí a gbọ́dọ̀ sè títí kí ó tó gbà fún eyín. Àyà adìẹ òyìnbó tí a ń pa nígbà tí kò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀, kò sì ní ọ̀rá tí yóò máa rin ín. Nítorí náà, bí ó bá ti ń pẹ́ lórí iná tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fọ́nrán rẹ̀ ń sún kì, tí wọ́n sì ń fún omi ara wọn jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Àìlọ́ràá yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù àyà adìẹ tí a yan láìní awọ, bí 31 gíráàmù ni èròjà amúaradàgbà, ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó 4 gíráàmù. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé ìlera loògùn ọrọ̀ kò ní fi ojú kéré irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí kò sí òróró dídín níbẹ̀.

Kí a tó dé ìdí iná, ọ̀rọ̀ kan wà tí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Àṣà wa ni láti ṣan adìẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n omi tí ń ta sókè náà ni ó ń gbé kòkòrò àrùn bíi Salmonella àti Campylobacter dé orí àwo àti ewébẹ̀. Iná ni ó ń pa wọ́n, kì í ṣe omi. Ẹ fi aṣọ pélébé tí a óò sọ nù nu ẹran náà, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó ìgẹran.

Nítorí pé ẹran àyà nípọn ní apá kan, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ní apá kejì, ẹ fi ọmọ odó rọra lù ú títí yóò fi dọ́gba, kí ó nípọn tó àtàǹpàkò àgbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan yóò ti gbẹ kí èkejì tó jinná. Lẹ́yìn náà, ẹ po iyọ̀ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú lítà omi kan, kí ẹ rẹ ẹran náà sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí iyọ̀ ń jẹ́ kí ẹran di omi ara rẹ̀ mú. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà fo èyí, kí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́, atalẹ̀ àti aáyù rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó sì ti rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ kò gbọdọ̀ tún fi magí sí i.

Ẹ jẹ́ kí ófùn, ààrò ìgbàlódé tí a fi ń yan búrẹ́dì, kọ́kọ́ gbóná dé 200°C. Ẹ nu ẹran náà gbẹ, ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun kan, ata gígún, atalẹ̀ àti aáyù pa á lára, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo ìyan-ǹkan láìjẹ́ kí àwọn ègé rẹ̀ gorí ara wọn. Láàrin ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò ti jinná. Òṣùwọ̀n ìgbóná tí a ń tì bọ inú ẹran ni ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́: bí ibi tí ó nípọn jù bá ti dé 74°C, ẹ gbé e kúrò. Kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí ẹni tí ó bá gé e lójú ẹsẹ̀ yóò da omi adùn rẹ̀ sórí pákó.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹran yíyan lásán lè tẹ́ ẹ sórí tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà gígé, kí ó já ewé ẹ̀fìnrìn lé e, kí ó sì fi fóìlì bò ó. Ooru omi tòmátò àti tàtàṣé náà ni yóò sè é, yóò sì gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ oúnjẹ kíkún lórí àwo kan ṣoṣo lè gé kúkúndùkún àti kárọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ yan wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹran tó bá wọn, nítorí wọn kì í tètè rọ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí kọ ọbẹ̀ àgbébọ̀ sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ tí ààyè wà láti jókòó ti ìkòkò. Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ńkọ́, nígbà tí ó ti rẹ ìyá, tí ó ti rẹ baba, tí ebi sì ń pa àwọn ọmọ? Oúnjẹ tí kò gbà ju bí wákàtí kan lọ, tí ófùn ń bá wa ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, tí kò sì ní ọ̀rá púpọ̀, yẹ ní ohun tí a ń kọ́ mọ̀ọ́ṣe, kí ó tó di ohun tí a ń bú.