Ọ̀kín Inú Igbó Kóńgò

Ilẹ̀ Éṣíà ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ìdílé ọ̀kín ń gbé, láti Íńdíà títí dé Ṣáínà, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi ilẹ̀ Adúláwọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, nítorí ní àárín gbùngbùn igbó kìjikìji ilẹ̀ Kóńgò ti Kinshasa, ọ̀kín kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run.

Bí akọ rẹ̀ bá yọ sí ìmọ́lẹ̀, aró ni gbogbo ara rẹ̀, tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò ń kọ yànrànyànràn lórí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́, awọ pupa fòò ni. Ní àtàrí rẹ̀ ni ìyẹ́ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti nàró ṣánṣán, bí ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọba gbé sókè. Láti ẹnu dé ṣóńṣó ìrù, kò ju nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí kò ní ìrù gígùn olójú púpọ̀ tí ọ̀kín Íńdíà fi ń yangàn. Abo rẹ̀ ni ó wù mí jù: orí àti àyà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí ń dán, ẹwà oníwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ̀ ọ́n. Ní 1913, James Chapin, ọmọ Amẹ́ríkà, rí ìyẹ́ apá kan lára fìlà ọmọ onílẹ̀ ní Avakubi, nínú igbó Ituri. Ìyẹ́ náà pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú dábùú rẹ̀, Chapin kò sì mọ ẹyẹ tí ó ni ín. Ó fi í pamọ́ títí di 1936, nígbà tí ó dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó rí òkú ẹyẹ méjì tí a kó nǹkan sí nínú, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí a kọ sí wọn lára pé ọ̀kín Íńdíà tí kò tíì dàgbà ni wọ́n. Ìyẹ́ ọjọ́sí bá ti abo mu rẹ́gí. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: ẹyẹ tí ọmọ Ituri ti ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́, ọdún náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé àwọn onímọ̀.

Igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí òjò kì í wọ́n ni ilé rẹ̀: ó wà ní Salonga, ó wà ní Maiko lọ́hùn-ún ní ìlà oòrùn. Ilẹ̀ ni ó ti ń jẹ̀ lójúmọmọ, tí ó ń ha ewé gbígbẹ, tí ó ń ṣa èso àti kòkòrò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a gun orí igi, tọkọtaya a sì máa dá ara wọn lóhùn nínú òkùnkùn. Abo ni ó ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 26, akọ a sì máa ṣọ́ ọ.

Ohun tí ó ká mi lára ni ti okùn tí a fi ń dẹ ẹran. Àwọn awakùsà àti agégẹdú ti wọ inú igbó náà, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n sì ń jẹ. Okùn tí a dẹ fún ẹtu kì í ṣẹ̀ṣà, ọ̀kín tí ń fi ẹsẹ̀ wá èso kiri a sì kó sí i.